Bí tíṣà bá gbé pàṣán sílẹ̀, kí ló kù tó máa mú lọ́wọ́?

Ọmọkùnrin kan ní JSS 2 fa ìwé nóòtù ọmọ kíláàsì rẹ̀ ya nígbà tí wọ́n ń jà lórí àga. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà pè é jáde, ó fún un ní ẹgba mẹ́fà, ó ní kó lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì, iṣẹ́ sì ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ti parí, àbí? Ẹni tó ṣẹ̀ ti jìyà. Ṣùgbọ́n ìwé nóòtù ọmọ kejì ṣì ya síbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló máa fi kàwé. Ẹni tó jẹ ẹgba ń wò ó láti ẹ̀yìn, ó ń kàn án lójú pé òun ló fẹjọ́ òun sùn. Tí agogo ìlélọ bá dún, ìjà míì ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì.

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe, àmọ́ ẹni tó bá lọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà kò ní sọ pé òun ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi fúnra mi jẹ ẹgba nítorí pípẹ́ dé ilé-ìwé débi pé mo máa ń mọ iye tó ń dúró dè mí kí n tó kúrò nílé. N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi mí pé kí ló ń mú mi pẹ́.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìbáwí kan tó ti ń tàn ká ilé-ìwé lórílẹ̀-èdè púpọ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Restorative justice ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdájọ́ àtúnṣe la máa pè é níbí. Agbo ni wọ́n fi ń ṣe é nínú kíláàsì: akẹ́kọ̀ọ́ àti tíṣà á jókòó yí ká, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Báwo ni agbo ṣe ń rí?

Wọ́n á ti tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gbogbo wọn á jókòó lórí irú àga kan náà, títí kan tíṣà, kí kálukú lè máa rí ojú ẹnì kejì. Ohun kékeré kan á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó lè jẹ́ òkúta, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ nǹkan kan á gbé e fún ẹni tó kàn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú sí i.

Àwọn ọmọ máa ń dá sí òfin agbo fúnra wọn, bíi pé a ò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbí kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ pé ìjà ló gbé wọn jókòó, ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè kò pọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lò ń rò lọ́kàn nígbà yẹn? Ta ni ọ̀rọ̀ yìí dùn, báwo ló sì ṣe dùn ún tó? Kí la máa ṣe láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe? "Ṣé orí rẹ pé báyìí?" kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìwé nóòtù wa. Nínú agbo, ọmọ tí wọ́n ya ìwé rẹ̀ lè sọ pé ìyá òun ò ní owó láti ra òmíràn, àti pé òun ò sùn mọ́jú. Ẹni tó ya á lè gbà láti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé tuntun lákòókò ìsinmi, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ẹnì kan á sì máa bojú tó o pé ó ń mú un ṣẹ. Ẹ wò ó dáadáa, iṣẹ́ yẹn le ju ẹgba mẹ́fà lọ. Ẹgba kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé kíkẹ́ ọmọ bàjẹ́ ni.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí. Agbo ọjọ́ ìjà kọ́ ló yẹ kó pọ̀ jù. Èyí tó yẹ kó pọ̀ ni ti ọjọ́ tí kò sí wàhálà, tí tíṣà kàn béèrè pé ta ló máa ń dáná nílé yín, tàbí kí ló mú inú rẹ dùn lọ́sẹ̀ yìí. Tí àwọn ọmọ ò bá tíì jókòó pọ̀ rí nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, ọjọ́ tí ìjà bá dé, kóòtù ni wọ́n máa pe agbo náà. Yorùbá sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

Láti Birmingham dé Oakland

Oakland, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà lára ìlú tí wọ́n máa ń dárúkọ jù tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Agbẹjọ́rò kan, Fania Davis, ló dá ẹgbẹ́ Restorative Justice for Oakland Youth sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2005. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Angela Davis. Birmingham ní Alabama ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Ọ̀rẹ́ Fania méjì wà lára ọmọbìnrin mẹ́rin tí bọ́ǹbù àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ lọ́dún 1963.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń ja fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn nílé ẹjọ́, ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Nínú ìwé tó kọ jáde lọ́dún 2019, ó tọ́ka sí ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ibi tí gbòǹgbò ìdájọ́ àtúnṣe wà. Àwa nìkan kọ́ la ni ín o. Ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Yukon, lórílẹ̀-èdè Kánádà, làwọn kan ti kọ́ agbo, òfin New Zealand ti ọdún 1989 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé náà sì mú púpọ̀ nínú àṣà àwọn Māori.

Ìṣòro tí wọ́n ń bá yí ní Oakland kì í ṣe ẹgba. Lílé ọmọ sílé ni. Ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ ìjọba fún ọdún ẹ̀kọ́ 2011 sí 2012 fi hàn pé ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n fi ń lé ọmọ aláwọ̀ dúdú sílé ju ọmọ aláwọ̀ funfun lọ. Ọmọ tí kò sí ní kíláàsì sì rèé, ìta ló máa wà. Ilé-ìwé Cole Middle School ní ìwọ̀-oòrùn Oakland ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú agbo. Ìwádìí tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì California ní Berkeley lọ́dún 2010 sọ pé lílé ọmọ sílé fún ìgbà díẹ̀ dín kù níbẹ̀ ní ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé ìjọba nílùú náà gba ètò ọ̀hún wọlé. Ilé-ìwé kékeré kan ṣoṣo ni Cole, kí ẹ má gbàgbé.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀

Nílùú Pittsburgh, ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND ṣe àyẹ̀wò ilé-ìwé 44 láàárín ọdún 2015 sí 2017. Àwọn kan lo ètò náà, àwọn kan ò lò ó. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ fi ń jókòó sílé nítorí ìyà dín kù, àwọn tíṣà sì sọ pé ilé-ìwé àwọn tura sí i. Ṣùgbọ́n èsì ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ, tí wọ́n tó ẹgbẹ́ àwọn ọmọ JSS wa, lọ sílẹ̀, lílé wọn sílé kò sì dín kù. Àwọn tó ń polówó agbo bí oògùn gbogbo-ń-ṣe kì í fẹ́ dárúkọ Pittsburgh.

Nílẹ̀ Áfíríkà ńkọ́?

Ní àgbègbè Luwero lórílẹ̀-èdè Uganda, ẹgbẹ́ Raising Voices gbé ètò kan lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún oṣù 18. Kì í ṣe agbo ní pàtó, àmọ́ ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: àwọn ọmọ ń dá sí ọ̀rọ̀ òfin ilé-ìwé, àwọn tíṣà ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè báni wí láìlo pàṣán. Ilé-ìwé 42 ni àwọn olùwádìí yẹ̀ wò, èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet Global Health lọ́dún 2015. Níbi tí ètò náà ò dé, nǹkan bí ọmọ 49 nínú 100 ló sọ pé òṣìṣẹ́ ilé-ìwé lu òun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tó dé, ó jẹ́ 31. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú ìwádìí yẹn. Ọmọ 434 sọ ohun tó wúwo débi pé wọ́n ní láti fà wọ́n lé àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ da agbo sílẹ̀. Ìfipábánilòpọ̀ tàbí àgbàlagbà tó ń fìyà jẹ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbo. A kì í gbé ọmọ jókòó síwájú ẹni tó ṣe é níkà ká ní kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀.

South Africa ti fòfin de lílu ọmọ nílé-ìwé láti ọdún 1996. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní a ò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tàbùkù ọmọ jẹ ẹ́. Síbẹ̀, abala 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù, àti abala 55 nínú ti àríwá, ṣì gba tíṣà láyè láti na ọmọ láti fi bá a wí, bí kò bá ti ṣe é léṣe gidi.

Tíṣà tó ń ka àpilẹ̀kọ yìí á ti máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ 80 wà ní kíláàsì òun. Bí kálukú bá sọ̀rọ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú péré, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ, àkókò ìṣirò ti tán. Òótọ́ ni. Èyí tó tún le ju ìyẹn ni pé ìpàdé ẹbí tí a fi ń yangàn pé baba wa ti ń ṣe irú èyí tipẹ́, àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ á dọ̀bálẹ̀, á ní ẹ má bínú, ó parí. Bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, a kì í sábà mọ̀. Nínú agbo, ọmọ yẹn á sọ tirẹ̀, tíṣà náà á sì tọrọ àforíjì bó bá jẹ́ òun ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti máa fẹ́ fà sẹ́yìn, kì í ṣe iye ọmọ.

Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà fún ti iye ọmọ. Àwọn mẹ́wàá tàbí méjìlá á jókòó sínú, àwọn yòókù á yí wọn ká níta, wọ́n á máa gbọ́. Àga kan á ṣófo nínú agbo fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé wá sọ ọ̀rọ̀ kan, kó sì padà síta. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó wà níta lọ́jọ́ kìíní ló máa jókòó sínú.