Knedlík: Oúnjẹ tí Ìkánjú Kò Lè Sè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó ya ilé ìdáná àwọn ará Ṣẹ́ẹ̀kì wò, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n gbé ń se knedlík.

Knedlík fara jọ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n inú omi híhó ni a ti ń sè é, kì í ṣe inú ààrò. Bí òkèlè ti jẹ́ fún wa ni ó jẹ́ fún wọn: a kì í sábà jẹ ẹ́ lásán, ọbẹ̀ ni ó ń bá rìn. Láti inú ọ̀rọ̀ Jámánì náà, Knödel, ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣẹ́ẹ̀kì ti sọ ọ́ di tiwọn pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò lọ̀ kúnná jù ni wọ́n ń lò. 500 gíráàmù tó ìdílé kan. Wọn a po nǹkan bí 20 gíráàmù ìwúkàrà àti ṣúgà díẹ̀ mọ́ wàrà tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ìwọ̀n 250 mìlílítà. Wàrà náà kò gbọdọ̀ gbóná, nítorí ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà. Ooru tí ó bá pọ̀ jù a máa pa á. Nígbà tí ó bá ti ru ìfófó, wọn a dà á sínú ìyẹ̀fun pẹ̀lú ẹyin kan àti iyọ̀, wọn a sì pò ó títí yóò fi máa dán, tí kò ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́.

Ìgbà náà ni búrẹ́dì àná yóò dé. Búrẹ́dì kéékèèké méjì tí ó ti gan ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń pò mọ́ ọn. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá kó dà nù ni ó wá di ohun ọ̀ṣọ́ inú oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi.

Wọn a fi aṣọ bò ó fún bí wákàtí kan, títí yóò fi wú di ìlọ́po méjì. Wọn a yí i gbọọrọ, wọn a tún jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀, kí wọn tó gbé e sínú omi oníyọ̀ tí ń hó. Wọn a dé e pa. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, wọn a yí i padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn a sì tún tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí ó bá jáde nínú omi gan-an ni ìdánwò kù sí. Lójú ẹsẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, kí ooru inú rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Bí a bá fi falẹ̀, yóò hunjọ, yóò sì le. Ọ̀bẹ náà kò yẹ ẹ́, nítorí ọ̀bẹ a máa tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Òwú ni wọ́n ń fi yí i po, tí wọ́n sì ń fa orí rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn, tí yóò fi já geere.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun àti kábéèjì ni wọ́n sábà ń fi jẹ ẹ́, tàbí ẹran màlúù pẹ̀lú ọbẹ̀ oníwàrà tí wọ́n ń pè ní svíčková. Irú mìíràn wà tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun tí a pò bẹ́ẹ̀ di èso dídùn sínú, tí wọ́n sì ń da bọ́tà àti ṣúgà lé lórí.

Ní ọdún 1826, obìnrin kan tí ń jẹ́ Magdalena Dobromila Rettigová tẹ ìwé oúnjẹ kan jáde fún àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ náà, ní èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, ní àkókò tí èdè Jámánì jẹ́ èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ohun iyì ni èyí. Ṣùgbọ́n ìwé lè sọ pé kí a dúró fún wákàtí kan. Kò lè sọ bí ìyẹ̀fun tí ó ti wú tó ti ń rí lábẹ́ ìka. Bí òtútù bá mú, wákàtí kan kò tó. Ọwọ́ ni ó mọ èyí, ọwọ́ ni a sì fi ń kọ́ ọwọ́.

Lónìí, knedlík tí a ti sè tán, tí a sì dì sínú ọ̀rá, wà ní ilé ìtajà gbogbo níbẹ̀. A kò lè bá ìyá tí ó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀ wí bí ó bá rà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ inú ọ̀rá nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n yóò mọ adùn rẹ̀ láìmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ kò sì ní rí ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé tiwa náà. Fífa òwú kò wúwo ju agbára ọmọ kékeré lọ. Ibẹ̀ ni ìyá ará Ṣẹ́ẹ̀kì lè ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kí olúkúlùkù wa wá iṣẹ́ kékeré tí ọmọ lè ṣe nídìí ìkòkò tirẹ̀, kí a sì pè é wá dúró tì wá.