Ẹ̀gbádò ni àbí Yewa? Ọ̀rọ̀ tó lè ba ọjà ilé àti ilẹ̀ jẹ́ ní Ìlaròó

Ká ní ẹnì kan ní pulọ́ọ̀tì méjì tó fẹ́ tà ní Ìlaròó. Bàbá rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà ní 1982, ìwé rẹ̀ pé, wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ri pátákó mọ́lẹ̀, ó kọ “Ilẹ̀ títà, Ẹ̀gbádò South” sí i lára gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Kò ní í pẹ́ tí ọmọ àdúgbò kan yóò fi bi í pé ta ló ń jẹ́ Ẹ̀gbádò. Bó bá sì pa á rẹ́, tó kọ Yewa South, oníbàárà tó wá láti Èkó yóò wo ìwé, yóò wo pátákó, yóò ní ilẹ̀ inú ìwé kọ́ ni wọ́n mú òun wá wò yìí. Á dá owó rẹ̀ padà sápò.

Ní 1995 ni wọ́n yí orúkọ Ẹ̀gbádò padà sí Yewa, orúkọ odò tó gba ilẹ̀ náà kọjá. Ohun tó ń bí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ nínú ni pé orúkọ àtijọ́ náà mú wọn dà bí Ẹ̀gbá tó kàn lọ tẹ̀dó sí etí odò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ọba tiwọn, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbádò South tó fi Ìlaròó ṣe olú ìlú ṣe di Yewa South nìyẹn, tí Ẹ̀gbádò North, tí tirẹ̀ wà ní Ayétòrò, sì di Yewa North. Òṣèlú kò sì jẹ́ kí egbò náà jinná. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976 títí di ìbò 2023, kò sí ọmọ Yewa kankan tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Ẹni tó bá ń fi Ẹ̀gbádò polówó ọjà lónìí, bí kò tilẹ̀ ní nǹkan kan lọ́kàn, ojú egbò ló ń tẹ̀.

Orúkọ tuntun náà kò ṣàì ní ẹ̀gún tirẹ̀. Àwọn ájẹ́ńtì kan a máa pe gbogbo ilẹ̀ tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Ògùn ní ilẹ̀ Yewa. Ẹ pe Ọ̀tà bẹ́ẹ̀ lójú Àwórì, kí ẹ wo ohun tí wọn yóò sọ fún yín! Ìdí nìyẹn tí àwọn olóṣèlú fi ń so ó pọ̀ ní Yewa-Àwórì. Àwọn Kétu ń bẹ ní Ìmẹ̀kọ, àwọn Ànàgó sì ń bẹ ní Ìpókíá. Ohun tó rọrùn jù fún oníṣòwò ni kó kọ orúkọ ìlú àti àdúgbò gan-an, kó fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e, kó sì fi ti ẹ̀yà sílẹ̀.

Inú ìwé ilẹ̀ ni ewu tó tóbi wà. Àwọn kan ti rò pé nígbà tí orúkọ ti yí padà, kò sí ohun tó burú bí àwọn bá fi bírò fa ilà sórí Ẹ̀gbádò, kí àwọn sì kọ Yewa sókè rẹ̀. Ẹ má dán an wò. Ìwé tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn báyìí ti jọ ayédèrú, kò sì sí lọ́yà gidi tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀ mọ̀. Nọ́mbà tí wọ́n fi forúkọ ìwé sílẹ̀ ni, pẹ̀lú ojú ewé àti ìdìpọ̀ tó wà. Nọ́mbà tó wà lára òpó tí sàfẹ́yọ̀ rì mọ́lẹ̀ náà ni. Èyí kò yí padà ní 1995. Kí ẹni tó ní ìwé tó ṣáájú 1976 tilẹ̀ rántí pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ń forúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé tuntun pé “Ẹ̀gbádò South tẹ́lẹ̀, tó ti di Yewa South báyìí.” Gbólóhùn kan péré ni, òun ló sì máa so ìwé méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kí ájẹ́ńtì ṣọ́ra fún ni “kò sí wàhálà ọmọ onílẹ̀.” Wọ́n ti sọ ọmọ onílẹ̀ di orúkọ jàǹdùkú. Ṣùgbọ́n ní Ìlaròó àti Ayétòrò, ẹbí onílẹ̀ gan-an ló sábà máa ń ta ilẹ̀. Ṣé lójú ẹni tó gbé ọjà fún yín tà ni ẹ ó ti máa bú u ni? Ẹ kọ ọ́ pé ẹbí ti fọwọ́ síwèé, ó tán.

Ti “bọ́ìsì kọ́tà” yàtọ̀ díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bínú sí i ní gbangba. Òyìnbó ló mú un wá, tí wọ́n ń pe àgbàlagbà tó ń se oúnjẹ fún wọn ní bọ́ì. Òyìnbó kan náà ló dá àdúgbò tiwọn nìkan sílẹ̀, European Reservation. Nígbà tó yá, wọ́n yọ European kúrò, wọ́n fi Government rọ́pò rẹ̀, òun ni GRA tí gbogbo olówó ń wá lónìí, bí irú ti Ibarà l’Abẹ́òkúta. Orúkọ yí padà, ọjà kò bà jẹ́. Bọ́ìsì kọ́tà ni kò tíì sẹ́ni tó yí tirẹ̀ padà.

Ní Houston, l’Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ilé pa “master bedroom” tì nínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2020, wọ́n ní “primary bedroom” ni kí wọ́n máa pè é, torí “master” ń rán àwọn kan létí ìgbà ẹrú. Òfin kọ́ ló mú wọn. Òfin 1968 ka ìpolówó ilé tó ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ léèwọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ láti 1995, ọdún tí Ẹ̀gbádò di Yewa náà, ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ilé ti sọ pé “master bedroom” kò lòdì sí òfin náà. Nítorí oníbàárà ni wọ́n ṣe yí i.

Ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìlaròó láti 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń wá yàrá. Lánlọ́ọ̀dù tó bá kọ “bọ́ìsì kọ́tà” sí pátákó kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Yàrá méjì lẹ́yìn ilé ni, tó ní ilé ìdáná tirẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí tó fẹ́ sanwó ń béèrè nìyẹn.