Ìdí tí géèjì epo píkọ́ọ̀pù àtijọ́ fi ń purọ́, àti bí wọ́n ṣe ń wá àléébù rẹ̀

Géèjì epo inú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í wo epo rárá. Iná bátìrì tó ń gba inú wáyà kan kọjá ló ń wọ̀n. Inú tánkì ni fúlóòtì wà: ike tàbí idẹ oníhò-nínú tó ń léfòó lórí epo, apá irin tín-ín-rín tó gbé e dání, àti rẹsísítọ̀ tí apá náà ń rìn lórí rẹ̀. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀, apá á sún, ìdènà tí iná ń bá pàdé lójú ọ̀nà á sì yí padà. Óòmù ni wọ́n fi ń ka ìdènà náà. Lẹ́yìn rẹsísítọ̀, ara irin ọkọ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni àwọn ríwáyà ń pè ní áàtì.

Iye óòmù kò dọ́gba láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ibí sì ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń dàrú. Nínú Chevrolet àti GMC ti àwọn ọdún 1970 àti 1980, òdo óòmù ni tánkì tó gbẹ, 90 ni tánkì tó kún. Ti Ford tó ṣáájú ọdún 1987 lòdì sí èyí: nǹkan bíi 73 ni gbígbẹ, nǹkan bíi 10 ni kíkún. Lọ́dún 1987, Ford yí ètò náà padà, gbígbẹ di nǹkan bíi 16, kíkún di nǹkan bíi 158. Ẹni tó bá gbé fúlóòtì Ford ọdún 1990 sínú ti ọdún 1984 á máa rí géèjì tó ń gòkè bí epo ṣe ń tán. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, títí kan Hilux, bá Ford ìṣáájú mu: óòmù pọ̀ nígbà tí tánkì bá gbẹ, ó kéré nígbà tó bá kún.

Nítorí èyí, ìpẹtà kan náà lè mú ọkọ̀ méjì pa irọ́ tó yàtọ̀ síra. Ìpẹtà ojú áàtì ń fi ìdènà kún èyí tó wà nílẹ̀. Bí 30 óòmù bá fara pamọ́ síbẹ̀ nínú Chevrolet, tánkì tó gbẹ táútáú á máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta hàn, ọkọ̀ á sì kú sójú títì nígbà tí awakọ̀ gbà pé epo ṣì wà. Nínú Hilux, ìpẹtà yẹn á mú kí géèjì sọ pé epo ń tán nígbà tó ṣì pọ̀. Ti Chevrolet ló léwu jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra géèjì tuntun, wáyà fúlóòtì ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ, kí tánkì sì wà ní dídé gbọin-gbọin. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì ọkọ̀, wáyà tó dá dúró yẹn gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ géèjì Chevrolet kọjá F, àmì kíkún. Ti Toyota àti ti Ford ìṣáájú gbọ́dọ̀ dúró sí E, àmì gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ojú wáyà kan irin ṣáásì tó mọ́, níbi tó jìnnà sí ẹnu tánkì. Ti Chevrolet á bọ́ sí E, ti àwọn yòókù á lọ sí F, àmọ́ ti Ford máa ń rọra rìn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó, kí géèjì má baà jóná. Bí ọwọ́ géèjì bá ṣe bó ṣe yẹ, géèjì àti wáyà bọ́ nínú ẹ̀sùn. Fúlóòtì tàbí áàtì tánkì ló kù. Bí kò bá mira, fúùsì, wáyà tàbí géèjì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n wá lọ.

Áàtì ló yẹ kí wọ́n fura sí ṣáájú fúlóòtì, nítorí àtúnṣe rẹ̀ kò náni ju wáyà àti ìwé ìhọrin lọ. Wọ́n á so wáyà kan mọ́ ìdérí fúlóòtì, wọ́n á fi ìdí kejì kan irin ṣáásì tí wọ́n ti họ títí ó fi ń dán. Bí géèjì bá padà sípò, iṣẹ́ ti parí.

Ford ìṣáájú tún ní ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń sọ fóòtì 12 ti bátìrì di nǹkan bíi 5. Tí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, géèjì epo nìkan kọ́ ló ń ṣìwà hù. Ti ooru ẹ́ńjìnnì náà á gòkè tàbí kó kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ni àmì tó dájú jù lọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan tánkì.

Fúlóòtì alára ní àìsàn tirẹ̀. Idẹ tó ti lu jò ń mu epo, á sì rì sísàlẹ̀; bí wọ́n bá mì ín létí, epo á máa ró nínú rẹ̀. Ojú rẹsísítọ̀ ń jẹ níbi tí apá ti ń rìn jù, ọwọ́ géèjì á máa fò níbẹ̀. Epo burúkú pàápàá lè ba fúlóòtì jẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2004, bẹntiróòlù tí imí-ọjọ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde láti ilé ìfọpo kan ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà, ó dé Florida àti àwọn ìpínlẹ̀ míì, ó sì ba ojú fàdákà inú fúlóòtì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí tánkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ bátìrì. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá lọ, ó sì lè bá iná pàdé níbi tó jìnnà. Nítorí náà, ìta gbangba ni iṣẹ́ náà yẹ, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jó irin. Nínú píkọ́ọ̀pù tí tánkì rẹ̀ wà lábẹ́ ibi ìkẹ́rù, gbígbé ibi ìkẹ́rù sókè lè yá ju sísọ tánkì kalẹ̀ lọ. Kí fúlóòtì tuntun tó wọlé, ó dára kí wọ́n fi mítà wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bóyá óòmù rẹ̀ bá ti géèjì ọkọ̀ mu.

Géèjì tó ń pẹ́ lórí F, tó wá ń sáré láti ìdajì lọ sí E, kì í ṣe dandan kó ní àléébù. Bí tánkì ṣe rí àti bí apá fúlóòtì ṣe ń yí ló sábà ń fà á, fúlóòtì tuntun kì í sì í yí ìyẹn padà.