Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Asẹ́ Tó Ń Yẹ Ímeèlì Wa Wò

Ní Àgbàdo, láti Méírán títí dé Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ní ímeèlì orúkọ ara wọn ti pọ̀: ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìtẹ̀wé, àwọn tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. SpamAssassin ló ń ṣe iṣẹ́ asẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí pé ó wà nínú cPanel tí àwọn tó ń ta hosting ń lò. Justin Mason, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló gbé e jáde ní 2001. Ní 2004 ó di ọ̀kan lára iṣẹ́ àjọ Apache. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹ̀yà tí a ń so mọ́ ọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń yẹ̀ wò, ni wọ́n ń pè ní plugin. Ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ nípa wọn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ wa ní jàǹbá.

Irọ́: Orúkọ Nàìjíríà nìkan ti tó láti sọ lẹ́tà di spam.

Òótọ́: Ìṣirò ni asẹ́ yìí ń ṣe. Òfin kọ̀ọ̀kan tó bá bá lẹ́tà mu ní máàkì tirẹ̀. Òmíràn ń fi kún un, òmíràn ń yọ kúrò. Bí àròpọ̀ bá pé 5, yóò kọ ọ́ sára lẹ́tà náà pé spam ni. Kì í pa á rẹ́ o. Ètò mìíràn lórí server ló ń pinnu bóyá kí wọ́n jù ú nù tàbí kí wọ́n gbé e sí àpò ọ̀tọ̀.

Lóòótọ́, àwọn òfin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ nítorí lẹ́tà 419. Wọ́n ń wá àwọn gbólóhùn tí àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn. "Bank of Nigeria" wà lára wọn, "dollars" náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo kò ní máàkì. Ìgbà tí wọ́n bá di méjì, mẹ́ta, mẹ́rin nínú lẹ́tà kan náà ni ọ̀rọ̀ ń di wàhálà. Ẹ wá wo oníṣòwò tó ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní China, tó ní láti dárúkọ Central Bank of Nigeria àti iye dọ́là tó fẹ́ san. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó sì ti fẹsẹ̀ kan méjì.

RelayCountry ni plugin tó ń wo orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà gbà kọjá. Bí SpamAssassin ṣe ń jáde látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, àmì # ló wà níwájú ìlà plugin yìí nínú fáìlì init.pre, ìyẹn ni pé wọn ò tan án. Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ àmì náà, yóò kàn kọ NG, GB tàbí US sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní kí NG gba máàkì mẹ́ta, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ òfin náà sínú local.cf, fáìlì tí alábòójútó server ń kọ òfin tirẹ̀ sí. Ìwà ẹ̀tanú ni lójú tèmi, kò sì yẹ kí á máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru kọ̀ǹpútà.

Irọ́: Ọmọ Nàìjíríà ló dá spam sílẹ̀.

Òótọ́: Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ DEC ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, ìṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni àgbà gbogbo spam.

Irọ́: Bí plugin bá ṣe pọ̀ tó ni ààbò ṣe ń lágbára tó.

Òótọ́: Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bi àwọn àkójọ bíi Spamhaus àti URIBL léèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n mọ adírẹ́sì kan sí ti oníjìbìtì. DNS ni wọ́n fi ń béèrè. Bí server yín bá ń gba ọ̀dọ̀ 8.8.8.8, server DNS ti Google, kọjá, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe níbí, àwọn àkójọ wọ̀nyí kì í dáhùn, torí pé ìbéèrè gbogbo ayé ti papọ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí URIBL_BLOCKED nínú àkọlé lẹ́tà, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé unbound, ètò kan tó ń ṣe iṣẹ́ DNS, sórí server tiyín kó máa béèrè fúnra rẹ̀.

Irọ́: Lẹ́tà tó bá yege SPF àti DKIM, olóòótọ́ ló kọ ọ́.

Òótọ́: Ètò ìjẹ́rìí domain ni méjèèjì, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ẹni tó ni domain náà fọwọ́ sí i kí lẹ́tà ti ibẹ̀ jáde. Gbájúẹ̀ náà lè ra domain. Ìdí nìyí tí SpamAssassin fi ń yọ 0.001 péré fún SPF tó yege. Síbẹ̀, ẹ ṣètò wọn fún domain yín, torí láti 2024 ni Gmail ti ń béèrè ọ̀kan, ó kéré tán, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i.

Irọ́: Plugin tó ń dá èdè mọ̀ yóò dá Yorùbá mọ̀.

Òótọ́: TextCat ni orúkọ rẹ̀. Swahili wà nínú àkójọ èdè rẹ̀, Amharic wà níbẹ̀, Afrikaans náà wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí. Ẹni tó bá tan án, tó sì kọ ok_languages en, lẹ́tà tí ìyá kan fi Yorùbá kọ sí olùkọ́ ọmọ rẹ̀ lè gba máàkì èdè àjèjì, ní Àgbàdo níbí! Ẹ má tan án. Bí ẹ bá ti tan án, ẹ fi ok_languages sí all.

Irọ́: Bí wọ́n bá ti gbé asẹ́ sórí server, iṣẹ́ ti parí.

Òótọ́: Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wa wà. Plugin Bayes ń fi lẹ́tà tí ẹ bá fún un kọ́ ọgbọ́n, kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́ àfi tó bá ti rí spam 200 àti lẹ́tà gidi 200. Àṣẹ sa-learn la fi ń kọ́ ọ. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ kún fún "payment", "transfer", "bank account", "urgent", torí owó ilé-ìwé ni wọ́n ń bá òbí sọ. Asẹ́ tí kò tíì rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí lè fura sí i. Èyí tí wọ́n ti fi igba lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an kọ́ yóò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀dà 4.0, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2022, sì ti ń ka UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà alámì, dáadáa, nítorí náà ẹ fi lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì ohùn kún ohun tí ẹ fi ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, bí lẹ́tà yín bá ṣìnà, ẹ ní kí ẹni tó gbà á fi ìlà X-Spam-Status hàn yín. Gbogbo òfin tí lẹ́tà náà bá pàdé ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú server, ẹ ṣí local.cf yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá bá òfin tó ń fìyà jẹ NG níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ ṣe spamassassin --lint láti wo bóyá àṣìṣe wà nínú fáìlì náà, kí ẹ sì pa spamd, ìyẹn asẹ́ náà tó ń ṣiṣẹ́ lórí server, kí ẹ tún un tan.