Bí a ṣe lè dènà itan bíbó lábẹ́ ìró àti jíìpù ní àsìkò ooru

Ọ̀rọ̀ ìtàn la sábà máa ń sọ níhìn-ín: ìtàn ọba, ìtàn ìlú, ìtàn ìdílé. Lónìí, ọ̀rọ̀ itan ni mo mú wá, itan tó wà lókè orúnkún. Àmì ohùn ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ọ̀kan kò jìnnà sí èkejì.

Ohun tó fà á nìyí. Bí a bá ti ń múra ọdún, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan máa ń sọ pé ṣòkòtò ló tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé àwọn kò lè wọ ìró tàbí jíìpù aṣọ ẹgbẹ́jọdá rìn láti ìdájí títí di alẹ́. Àwọn àgbà á ní ọmọ ìwòyí kò fẹ́ àṣà mọ́. Bí a bá fara balẹ̀ bi àwọn ọmọ náà léèrè, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní itan àwọn ló ń bó. Ẹni tó ń sá fún ìrora kò kọ àṣà. Ojú ló ń tì í láti sọ ibi tó ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ìró àwọn ìyá wa kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo, ó ní aṣọ abẹ́. A gba aṣọ òkè lọ́wọ́ wọn, a fi ti abẹ́ sílẹ̀. Itan ló ń jìyà rẹ̀.

Kí ló ń mú kí itan bó?

Nígbà tí a bá ń rìn, itan méjèèjì máa ń kan ara wọn, awọ á máa ha awọ. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí ìrìn kò sì pọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti rin ín, awọ á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra, kò ní lè yọ̀ kọjá lára èkejì bó ṣe yẹ. Nígbà tí òógùn bá sì ń gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á ṣẹ́kù sórí awọ bí iyanrìn wẹ́wẹ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á wá máa ha ojú kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́ ibẹ̀ á gbóná, lẹ́yìn náà á pọ́n tàbí kí ó dúdú sí i. Bí a kò bá dúró, á bó, á sì máa ta bí ìgbà tí a fi ata sí i, pàápàá nígbà tí omi ìwẹ̀ bá kàn án.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó sanra nìkan. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè bó, nítorí bí ìbàdí ṣe rí àti bí èèyàn ṣe ń gbẹ́sẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Aláboyún máa ń rí i, torí ara rẹ̀ wúwo sí i, òógùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ọkùnrin tó ń rìn lọ sóko nínú ooru mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni.

Ooru wa náà kì í ṣe ọ̀kan. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ọ̀sà wà nílé, òkun kò sì jìnnà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi, òógùn kì í tètè gbẹ, itan sì ń tutù láti àárọ̀ dalẹ́. Ní Ṣábẹ̀, láàárín àwọn òkè olókùúta, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 35°C ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Kí ìgbà náà tó dé, ọyẹ́ ti gbẹ awọ, ó ti ń sán. Nítorí náà, ohun tó ń fa òógùn ló yẹ kí ará Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ wá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń mú awọ rọ̀ ni ará Ṣábẹ̀ nílò jù. Ará Kétu wà láàárín méjèèjì, kí ó wo ojú ọjọ́ kó tó yan èyí tó máa lò.

Tòbí àti yẹ̀rì

Tòbí ni aṣọ abẹ́ kúkurú tí àwọn ìyá wa máa ń so mọ́ ìbàdí kí wọ́n tó ró ìró. Aṣọ òwú ni, ó ní okùn tí wọ́n fi ń fún un. Ọ̀pọ̀ wọn ní àpò, ibẹ̀ sì ni obìnrin ọlọ́jà ń kó owó rẹ̀ sí, tí olè kò fi lè rí i. Yẹ̀rì náà jẹ́ aṣọ abẹ́, ó rí bíi jíìpù tó fẹ̀. Àwọn mìíràn kò rán nǹkan kan rárá, wọ́n kàn ń ró ìró kékeré tó ti gbó, tó ti rọ̀, sábẹ́ ìró ńlá.

Kí a má tan ara wa: tòbí kò ya itan sọ́tọ̀ bí ṣòkòtò ti ń yà á. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé òwú rẹ̀ ń fa òógùn. Ó fẹ̀, ó sì ń ká sáàárín itan bí obìnrin ti ń rìn, kí awọ má baà kan awọ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹ tún wo obìnrin tó jókòó sórí àpótí nídìí ààrò, tó ń din àkàrà. Ó ti kó ìró rẹ̀ sáàárín itan. Nítorí ìhòòhò la máa ń sọ pé ó ṣe é, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n aṣọ náà tún ń gbẹ òógùn níbi tí ooru iná ti ń mú un jù.

Ìró tí a ró tún yàtọ̀ sí jíìpù tí a rán. Bí ìró bá fún, a lè tú u, kí a tún un ró, afẹ́fẹ́ á sì wọlé. Jíìpù tí aránṣọ rán mọ́ ara láti ìbàdí dé orúnkún ń ti itan méjèèjì mọ́ ara wọn. Aṣọ náílọ́nù tí wọ́n máa ń fi sí inú rẹ̀ kì í fa omi, ó ń há ooru mọ́ra ni. Ó wá di ọ̀rọ̀ adìẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Nígbà tí irú jíìpù yìí wọlé, tòbí kò rí àyè mọ́ lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe bọ́ ọ sílẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe kí a tó jáde

Èkíní, ẹ fi aṣọ ya itan sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní tòbí, kí ó so ó. Ẹni tí itan rẹ̀ tètè máa ń bó, ṣòkòtò péńpé tó rọ̀, tó gùn dé agbedeméjì itan, ló dá a lójú jù lábẹ́ ìró. Kí ó jẹ́ òwú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má fún ju, kí ó má sì máa ká lọ sókè. Ẹ sọ fún aránṣọ pé kí ojú ìrán má bọ́ sí ibi tí itan ti ń kan ara wọn. Bí aṣọ bá jẹ́ tuntun, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí aṣọ ọjà máa ń le, líle yẹn náà ń ha ara.

Èkejì ni òrí. Ní apá Ṣábẹ̀ lọ sókè, igi rẹ̀ wà nínú oko wa, a kò nílò láti rà á nínú agolo olówó ńlá. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ nu itan gbẹ dáadáa, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí awọ yọ̀ kọjá lára awọ láìha. Bí ẹ kò bá ní òrí, àdí àgbọn tàbí Vaseline lásán á ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó wọ ara kí ẹ tó ró ìró, torí òróró ń ba aṣọ jẹ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, awọ á ti gbà á, aṣọ á sì ti nù ún kúrò, ẹ ní láti tún un pa. Nítorí náà, ẹ mú díẹ̀ dání nínú ike kékeré.

Ẹ̀kẹta ni àtíkè. Ó dára fún ẹni tí kò ní rìn jìnnà, nítorí ó ń fa omi. Ṣùgbọ́n bí òógùn bá pọ̀, á di amọ̀, á wá máa ha ara jù bí kò bá sí lọ. Ẹ má fi àtíkè lé òrí lórí, ohun kan náà ló máa fà. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ àtíkè ní talc nínú, èyí tí àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà ní 2024 mọ́ ohun tó ṣeé ṣe gan-an kí ó fa àrùn náà. Kí a má ṣe dà á sí ojú ara obìnrin.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ràn jíìpù, ẹ bá aránṣọ sọ̀rọ̀ kí ó tó gé aṣọ. Kí ó fẹ̀ níbi itan, kí ó ní ojú tó là lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí aṣọ inú rẹ̀ sì jẹ́ òwú. Ẹni tó ń gun zẹ́mìjàn lọ síbi ọdún mọ ìwúlò èyí dáadáa.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fá irun itan lọ́jọ́ tí ẹ máa rìn púpọ̀. Abẹ máa ń fi egbò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí sílẹ̀, òógùn á sì wọ ibẹ̀. Bí ọjọ́ bá gùn, ẹ wá ibi ìkọ̀kọ̀ kan ní ọ̀sán, ẹ fi omi mímọ́ nu iyọ̀ òógùn kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tún òrí pa.

Bí ó bá ti bó ńkọ́?

Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ ibẹ̀. Ẹ má fi kànrìnkàn gbo ó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ fi òrí tàbí Vaseline lásán pa á, kí ẹ sì wọ aṣọ tó fẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí líle, àbùkúùfọ̀ tàbí ìpara gbígbóná sí i. Títa tó ń ta kò túmọ̀ sí pé ó ń wò ó sàn.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni èyí. Ibi tó ti bó léraléra máa ń dúdú, àwọn ọmọbìnrin kan á wá ra ìpara abóra lọ́jà kí ó lè mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní cortisone nínú, èyí sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí a bá ń lò ó lọ. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ bó. Ẹ fi dúdú náà sílẹ̀. Bí híha bá dáwọ́ dúró, òun náà á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí ibẹ̀ bá ń ṣomi, tó ń rùn, tó ní ọyún, tàbí tó ń yún tó sì ń tàn kálẹ̀ ní òbìrí bí òrùka, kì í ṣe híha lásán mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má dúró rárá, nítorí egbò rẹ̀ kì í tètè jinná.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín

Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ní 2008 sì ni wọ́n fi í sínú ìwé àkójọ wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Inú wa dùn sí i. Àmọ́ bí a bá ń ya àwòrán ọdún, gèlè, ìró àti ìlẹ̀kẹ̀ là ń yà, ohun tó hàn síta. Tòbí kì í sí nínú àwòrán, torí a dá a láti fara pamọ́ ni. Bí àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n bá lọ láìsọ fún wa, orúkọ rẹ̀ nìkan la máa bá nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Nítorí náà, ẹ bá wa bi àwọn ìyá àgbà yín léèrè, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Ìdáàṣà, títí dé Atakpamé ní Tógò. Orúkọ wo ni wọ́n ń pe aṣọ abẹ́ obìnrin ní ìlú yín? Irú aṣọ wo ni wọ́n fi ń rán an, ta ló sì ń rán an? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ti ń so ó? Kí ni wọ́n ń fi pa itan nígbà ọyẹ́ àti nígbà ooru? Kí obìnrin ló béèrè, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ìyá bá ṣì ní ọ̀kan nínú àpótí rẹ̀, tó sì gbà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ fún wa, kí ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀.

Fún àwọn tó ń ṣètò aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àbá kan rèé. Nígbà tí a bá ń ra ọ̀pá mẹ́fà fún ìró àti bùbá, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀pá kan aṣọ òwú funfun kún un fún aṣọ abẹ́, kí aránṣọ rán an pọ̀ mọ́ ìyókù. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ tí itan rẹ̀ kò bó á jó dòru, bó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó tó ró ìró.