Ọmọ Ọwọ́ Nínú Ilé Opó

Bí bàbá bá kú kété lẹ́yìn tí wọ́n bímọ, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni ìyá yóò fi ṣe opó. Ọmọ ọwọ́ kì í dúró dè é. Àkókò yìí ló ń kọ́ ẹ̀rín, tí ọrùn rẹ̀ ń le. Inú rẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 máa ń bọ́ sí. Àwọn onímọ̀ gba opó láàyè láti jáde lọ́sàn-án fún bùkátà. Ẹ̀yin ẹbí ní Ìta-Ògbólú, ẹ má dá a dúró.

Bí ọrùn ọmọ kò bá tíì le ní oṣù 4, tàbí tí kò lè dá jókòó ní oṣù 9, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmú nìkan ló tó ọmọ fún oṣù 6. Nítorí náà, ẹ bọ́ ìyá. Súrà Bákárà, áyà 233, gbé ẹrù yìí lé bàbá lọ́rùn, lẹ́yìn rẹ̀, ajogún. Níbi tí ajogún kò bá ní, sàká yín la fi ń gbé e. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ yín. Àmín.