Bí Alùpùpù Ìdíje Ṣe Di Ẹṣin Orí Gegele

Àwa ará Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé baba wa, kò sí àlejò tí yóò kọ́ wa bí a ti ń mọ ẹran gígùn tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ga lásán. Nítorí náà, bí mo bá ní kí n sọ ìtàn alùpùpù tí wọ́n ń fi díje lórí ẹrẹ̀ àti gegele, èyí tí wọ́n ń pè ní motocross, mo mọ̀ pé etí tí yóò gbọ́ ọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Camberley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni eré náà ti ṣẹ̀ ní ọdún 1924, nígbà tí àwọn alálùpùpù kan pa ìdánwò ọgbọ́n ìwakọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tì, tí wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ la igbó, ẹrẹ̀ àti òkè já ni kí ó gbégbá orókè. Alùpùpù ojú títì ni wọ́n ń gùn nígbà náà, ó wúwo, ara rẹ̀ kò sì yá gágá. Títí di ọdún 1957 tí ìdíje àgbáyé fìdí múlẹ̀, tí Bill Nilsson, ọmọ Sweden, sì kọ́kọ́ gba ipò kìíní, ẹ́ńjìnnì ńlá ni gbogbo ènìyàn gbójú lé. Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn alùpùpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé, àwọn tí a ń da ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróò fún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń kùn ní ẹ̀yìnkùlé wa bí wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà tí ó sì di ọdún 1970, Joël Robert ti Belgium gun Suzuki gba ipò kìíní àgbáyé ní ìsọ̀rí ẹ́ńjìnnì 250 cc, àwọn ará Japan sì wọ agbo.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ní àkókò náà, ṣọ́kì méjì ni ó ń gbé ẹ̀yìn alùpùpù ìdíje dúró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, táyà kò sì lè gòkè ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ kí irin tó pàdé irin. Bí ẹni tí ó gùn ún bá fò sókè tí ó sì balẹ̀, ńṣe ni táyà ń ta padà kúrò nílẹ̀. Táyà tí ó bá sì wà lófurufú, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹṣin ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò lè ti alùpùpù síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọmọ Belgium kan tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, Lucien Tilkens, ni ó ronú kan ọ̀rọ̀ yìí: ó yọ ṣọ́kì méjèèjì kúrò, ó fi ẹyọ kan ṣoṣo tí ó gùn rọ́pò wọn, ó sì tẹ́ ẹ gbọọrọ sí abẹ́ àga àti tánkì epo, kí apá irin tí ó di táyà ẹ̀yìn mú lè rí àyè lọ sókè sódò. Suzuki rí i, wọn kò gbà á. Yamaha rí i, wọ́n rà á. Omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀: ní ọdún 1973, Håkan Andersson ti Sweden gun Yamaha oníṣọ́kì kan yìí, ó sì di ọ̀gá gbogbo ayé ní ìsọ̀rí 250. Kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tí ń rọ alùpùpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún táyà ní àyè sí i, títí ó fi di nǹkan bí íǹṣì 12 lónìí. Lójú tèmi, ohun tí Tilkens ṣe yìí tóbi ju gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ó ti jáde láti ìgbà náà wá lọ, nítorí pé ọgbọ́n ju agbára lọ, ilẹ̀ kì í sì í bọ̀wọ̀ fún agbára tí kò bá fi pẹ̀lẹ́ tọ̀ ọ́ wá.

Ẹ́ńjìnnì tí a kì í da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀ padà wá gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1997, nígbà tí Doug Henry, ọmọ Amẹ́ríkà, fi irú rẹ̀ borí ní Las Vegas. Ní ọdún kejì Yamaha gbé YZ400F wá sí ọjà, ẹṣin iwájú sì ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ni Honda, Suzuki, Kawasaki àti KTM bá tẹ̀lé e.

Kí ẹ lè mọ bí nǹkan náà ti rí, ẹ wo Boxer 150 tí ń gbé wa lọ sí oko lọ́nà Àfọ̀n àti Ṣàré: agbára ẹṣin rẹ̀ tó 12, nígbà tí ti alùpùpù ìdíje 450 cc ju 50 lọ, síbẹ̀ èyí tí ó lágbára jù yìí fúyẹ́ ju Boxer náà lọ. Kò ní iná, kò ní fèrè, kò ní àyè èrò. Àga rẹ̀ ga tó íǹṣì 38 sílẹ̀. Ogójì irú wọn a tò sídìí ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sáré fún 30 ìṣẹ́jú, wọn a tún yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì lé e, wọn a sinmi, wọn a sì tún un sá lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí agbára yìí ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò kéré, nítorí wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ayé písítìn rẹ̀, èyí tí ọlọ́kadà wa ń lò fún ọdún.

Ẹ má ṣe wí pé ohun ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan ni. Greg Albertyn, ọmọ South Africa, gba ipò kìíní àgbáyé ní ọdún 1992, 1993 àti 1994. Grant Langston gbà á ní 2000, Tyla Rattray ní 2008, láti ilẹ̀ kan náà. Àwọn mẹkáníìkì wa ní Táíwò Ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń tún ṣọ́kì ṣe kí ó lè gba àpò iṣu lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ní làákàyè tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ní ìgboyà, ṣùgbọ́n ojú títì, láàárín ọkọ̀ àti ọmọ iléèwé, ni wọ́n ti ń ná an dànù, tí a sì ń sin wọ́n. Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara àti àwọn ọlọ́lá ìlú yìí, bí wọ́n ti dá iléèwé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n wá ilẹ̀ kan sí ẹ̀yìn Òkè Sóbì, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká, kí wọ́n kó gegele sí i, kí wọ́n fi àṣíborí àti oníṣègùn síbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sáré.